Ìlú Tí Ẹnikẹ́ni Kì í Gbàdúrà fún Ara Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ húkọ́, kí ó tètè hú u tán. Ẹni tí ó bá sì gbé ọmọ tí ń sunkún dání, kí ó fi ọmú sí i lẹ́nu, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ kí nǹkan kan já lu ọ̀rọ̀ mi. Èmi Ọdẹ́rìnlọ́ nìyí, ọdẹ tí ó ń ṣọ́ igbó bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Ẹkùn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Erin gbọ́ orúkọ mi, ó ní òun ní ìpàdé níbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo gbọ́ yín. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi ṣì mú. Ìtàn tòní kì í ṣe ti ẹran tí mo pa. Ìtàn ohun tí mo rí ni, tí ìbọn fi bọ́ lọ́wọ́ mi, tí n kò sì rántí bẹ̀rẹ̀ mú un.

Nígbà tí eegun mi ṣì le, mo bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mosúnmọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Mosún. Ọmọ náà lẹ́nu bí ẹyẹ ìbákà. Bí ó bá ti jí, gbogbo agbo ilé ti jí nìyẹn. Ilé wa nígbà náà, ilé ẹ̀sìn mẹ́ta ni. Èmi ń bọ Ògún bí baba mi ti ń bọ ọ́. Ìyàwó mi, Dọ̀káàsì, ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń dá orin fún àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi, Búráímọ̀, tí a jọ ń gbé ilé baba wa, Mùsùlùmí ni, ìrun kan kì í sì í kọjá rẹ̀ lórí. Bí mo bá pa adìyẹ fún Ògún, Dọ̀káàsì á gbé omi, á fọ gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Bí Dọ̀káàsì bá ń kọrin, Búráímọ̀ á kígbe láti yàrá pé orin náà ń da ìrun rú mọ́ òun lójú. Bí Búráímọ̀ bá sì ń pe ìrun, ìgbà náà gan-an ni èmi á rántí pé ó yẹ kí n yìnbọn dán wò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Bí ilé ti rí ni mò ń sọ.

Àfi bí Mosún ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó jókòó ti ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni nínú wa. A pè é, kò dáhùn. A fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ó ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ jáde. Ibà kò mú un, egbò kò sí lára rẹ̀, ó kàn ń gbẹ lójú wa ni. Dọ̀káàsì ní irin tí mo rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé ló fà á. Búráímọ̀ ní ọmọ tí kò gbọ́ kéwú ni èṣù ń bá ṣeré. Èmi ní Ògún ló ń bínú pé wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ojúbọ òun. Dọ̀káàsì da òróró sí i lórí, Búráímọ̀ nù ún kúrò, ó fi hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà kéwú, bọ́ ojú rẹ̀. Mo so màrìwò mọ́ òkè ẹní rẹ̀, Dọ̀káàsì já a sọ síta. Orí ọmọ tí ń kú lọ ni a ti ń ṣe gbogbo èyí.

Olúọdẹ wa, Baba Ṣóẹ̀tán, wá wò wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bí a ti ń jà, ó sì pè mí jáde.

Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ́, àdúrà mẹ́ta wà nílé rẹ, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí èyí tó ráyè jáde. Bí o bá kọjá Igbó Olórí-méjì, tí o la Odò Ẹ̀gàn kọjá, wàá bá ìlú kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Àdúrà kì í jà níbẹ̀. Gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ lọ bá wọn."

Mo ní, "Baba, ṣé ọmọ náà á lè dúró dè mí?"

Ó ní, "Ọmọ tí kò jẹun kì í dúró de ẹni tó ń rìn gbẹ̀rẹ́. Kí ló dé tí o fi ṣì dúró síbí?"

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo kọjú sí igbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Olórí-méjì ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ yín tó ń pe ara yín ní ọdẹ, ẹ̀yìn ìyá yín lẹ máa sá sí bí ẹ bá rí i. Iwin ni, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì ya ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀. Orí ọ̀tún rẹ̀ ń pariwo pé ìlà-oòrùn ni ọ̀run wà. Orí òsì ń pariwo pé irọ́ ni, ìwọ̀-oòrùn ni. Itọ́ tí wọ́n ń tu sí ara wọn lójú ń kán sílẹ̀ bí òjò, eegun àwọn arìnrìn-àjò sì kún ìdí igi.

Orí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ọmọ èèyàn, èwo nínú wa ló tọ̀nà?"

Orí òsì ní, "Bí o bá gbè é lẹ́yìn, èmi á pa ọ́. Bí o bá gbè mí lẹ́yìn, òun á pa ọ́. Bí o bá dákẹ́, a ó jọ pín ọ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí o, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún àwọn ọmọ ọdẹ. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, kí n tó dáhùn, ẹ jọ̀wọ́, ta ló jẹun kẹ́yìn nínú yín?"

Orí òsì ní, "Èmi ni."

"Ikùn ta ló wá yó?"

Ó wo ikùn náà. Ó ní, "Ikùn wa."

"Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ ńkọ́, ta ló ń ké?"

Orí ọ̀tún ní, "Àwa méjèèjì ni."

Mo ní, "Ó dáa. Ìbéèrè yín ju agbára àlejò lọ. Ẹ lọ bi ikùn yín. Òun nìkan ni kò tíì gbè sẹ́yìn ẹnì kankan láti ọjọ́ tí ẹ ti ń jà."

Àwọn orí méjèèjì wo ara wọn. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n wo ara wọn láì tutọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti fi etí sí ikùn, èmi sì gba abẹ́ itan wọn kọjá wẹ́rẹ́. Fún gbogbo ohun tí mo mọ̀, wọ́n ṣì ń béèrè lọ́wọ́ ikùn títí di òní.

Mo dé Odò Ẹ̀gàn. Omi rẹ̀ kò ju kókósẹ̀ lọ. Mo ní, "Ṣé èyí ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí?" Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Omi náà sì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ́, Ògún tí ò ń bọ, irin lásán ni. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́." Mo ní, "Ìyá rẹ ni ìpẹtà á jẹ!" Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀, omi dé orúnkún mi. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ń kígbe sí àjà ilé, àjà kò sì dá a lóhùn rí." Mo bú u, omi dé ìgbáròkó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ń forí gbálẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù." Inú bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní ẹni tó ń jí kí àkùkọ tó kọ láti dúpẹ́ kì í ṣe ẹni tí omi ẹlẹ́rẹ̀ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Omi dé ọrùn mi. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé èmi ni mo ń gbèjà Búráímọ̀, ìyanu gbáà! Mo rántí Mosún, mo pa ẹnu mi dé. Odò náà bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, n kò fèsì, omi sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi padà sí kókósẹ̀. Ẹ̀gàn ò pé kí oyin má dùn. Mo gòkè odò, ara mi tutù, ẹnu ń yún mi.

Ìlú náà kò ní odi, kò ní bodè. Obìnrin arúgbó kan ló jókòó sórí àpótí níbi tí ọ̀nà ti wọlé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Kú ìrìn, ọdẹ. Ìwọ ńkọ́, kí ni ò ń bọ?"

Mo gbé àyà mi le. Mo ní, "Ògún ni." Mo ti ń dúró de ìbáwí.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹnu ọ̀nà Ògún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi yẹn. Ṣé o ti jẹun?"

Bí ó ti bi mí ní ti Ògún nìyẹn, bí ẹni ń bi àlejò bóyá ó ń jẹ ata. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe pẹ̀lú gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ sílẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Mosún fún un. Ó fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ya etí aṣọ rẹ. Sọ ohun tó ń dùn ọ́ sí i, kí o ta á ní kókó, kí o jù ú sínú igbá yìí. Kí o wá mú kókó ẹlòmíràn níbẹ̀. Ní ìlú wa, ẹnikẹ́ni kì í gbàdúrà fún ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ ni yóò gbé ẹrù rẹ tọ ẹni tí òun ń sìn lọ, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìwọ náà á gbé ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sọ ẹrù ẹlòmíràn kalẹ̀ láìparí, tirẹ̀ já sílẹ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Ìyá, ọmọ mi ń kú lọ. Ẹ wá ní kí n máa gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ó ní, "Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé àdúrà wa yẹn ló ní nǹkan tó ń kú lọ. Mú kókó."

Mo ya etí aṣọ mi, mo ta kókó tèmi, mo jù ú síbẹ̀, mo sì ki ọwọ́ bọ igbá. Kókó tí mo mú, ewé ni wọ́n fi ta á, kì í ṣe aṣọ. Bí mo ti dì í mú, ó sọ̀rọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Èmi ni iwin abẹ́ ìrókò. Ọmọ mi kékeré ti ń jáde lọ ṣeré lójú ọ̀nà ọdẹ. Kí ìbọn tàsé rẹ̀."

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi Ọdẹ́rìnlọ́, kí n kúnlẹ̀ níwájú Ògún, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí ìbọn tàsé!

Mo wọ ilé àdúrà náà. Ẹ̀yin ará, mo ti rí igi tó ń rìn, mo ti rí ejò tó dé fìlà, ṣùgbọ́n ẹnu mi là níbẹ̀, kò sì tètè pa dé. Ilé náà rí róbótó, ó fẹ̀ ju ọjà wa lọ. Gbogbo ara ògiri rẹ̀ ló jẹ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ilẹ̀kùn kan lára rẹ̀. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ti sọ fún mi pé àwọn tó kọ́ ọ jà gidi. Àwọn kan ní òkè ni ká kọjú sí, ni wọ́n bá fi àárín òrùlé sílẹ̀ gbayawu. Àwọn kan ní inú ilẹ̀ ni agbára wà, wọn kò sì fi nǹkan kan bo ilẹ̀ náà. Àwọn kan ní inú omi ni, wọ́n sì la ojú odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn tó kù ní inú ọkàn èèyàn ni. Nítorí tiwọn, ìgbà kan wà tí gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìyá náà ní kò sí ẹni tó borí nínú ìjà yẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilé náà fi lẹ́wà.

Àwọn kan forí kanlẹ̀ ní ìlà tó gún bí ebè. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó. Àwọn kan mú obì àti omi tútù lọ́wọ́. Àwọn kan di ojú, wọ́n kàn ń mí ni. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbá ni àdúrà tirẹ̀, ó ń gbá a jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àwọn iwin ń súfèé. Mo rí egbére, tí gbogbo yín mọ̀ pé kò lè fi ẹní rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láéláé, tó tẹ́ ẹní náà fún arúgbó onírunmú kan kí orúnkún rẹ̀ má bàa dùn ún. Ó ń sunkún bí ó ti ń tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹ.

Mo rò pé ariwo á pa mí níbẹ̀. Nígbà tí mo tẹ́tí dáadáa, orúkọ ni mo gbọ́. Ẹni tó forí kanlẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run kí ojú Ṣàngódípẹ̀ là. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ ń kọrin kí Mọ́mọ̀dù tó lọ sí ìdálẹ̀ bọ̀ láyọ̀. Olórìṣà tó mú obì lọ́wọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún Sùsánà tó ń rọbí. Kò sí ẹnìkan tó ń pe orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo ohùn wọ̀nyẹn gba ojú òrùlé gbayawu yẹn lọ sókè pọ̀, kò sí èyí tó ń ti èkejì. Orí mi wú. Omi bọ́ lójú mi láì gbàṣẹ. Ìgbà yẹn ni ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo rí iwin tí mo mú kókó rẹ̀, ní òdì kejì odò kékeré náà. Ewé ń hù ní èjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tóbi bí àwo. Ó mọ̀ pé ọdẹ ni mí, òórùn ẹ̀tù ìbọn ló kún ara mi. Ó ń wò mí bí Dọ̀káàsì ti wò mí nígbà tí mo ń jáde nílé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ògún, ìwọ lo mọ ohun tí mo máa ń tọrọ. Lónìí, jẹ́ kí ìbọn kọ̀. Jẹ́ kí tèmi kọ̀, jẹ́ kí ti àwọn ẹgbẹ́ mi kọ̀. Ọmọ iwin yìí fẹ́ ṣeré ni. Jẹ́ kó ṣeré tán, kó padà sílé lọ jẹun."

Bí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ ni etí mi ń wá orúkọ Mosún káàkiri ilé. N kò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ orúkọ gbogbo ọmọ ayé, n kò gbọ́ tèmi. Ó ń ṣe mí bí kí n sọ ewé yẹn nù, kí n dìde, kí n fi ohùn ara mi kígbe Mosún. Mo dì í mú pinpin. Mo bẹ Ògún parí fún ọmọ iwin, títí ewé náà fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kíá ni mo dìde, tí mo ń sáré kiri, mo ń wá kókó aṣọ mi.

Mo rí i níta. Ọkùnrin kan jókòó sórí òkúta lẹ́yìn ilé, amọ̀ gbẹ mọ́ ọn dé ìgúnpá, ó tẹ́ kókó aṣọ mi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Kò sọ̀rọ̀, kò kúnlẹ̀.

Mo ní, "Baba, ẹrù mi lẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Ta lẹ ń ké pè fún mi?"

Ó ní, "Kò sí."

"Báwo ni kò ṣe sí? Ta lẹ ń sìn?"

Ó ní, "Wọ́n ti bi mí títí. Bóyá ẹnì kan wà lókè, bóyá kò sí, èmi ò mọ̀. Èmi-ò-mọ̀ náà ni wọ́n sì wá sọ mí. Kàǹga ni mò ń gbẹ́ fún ìlú."

Inú mi ru. Mo pariwo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá, ẹ wá wo ìyà! Mo la Odò Ẹ̀gàn, mo bá ọmọ iwin bẹ̀bẹ̀, ẹni tí kò ní Ọlọ́run kankan lẹ wá gbé ọmọ mi lé lọ́wọ́! Kí ló tiẹ̀ ń ṣe ní ìlú àdúrà?"

Obìnrin náà kò gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ìlú tó gba gbogbo ẹni tó gbàgbọ́, tó wá lé ẹni tí kò mọ̀, ìlú náà ti ní ilẹ̀kùn nìyẹn. A kì í lé e. Lọ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ."

Mo padà, mo ń jẹ eyín. Èmi-ò-mọ̀ ní kí n jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Oúnjẹ wo ni Mosún fẹ́ràn jù? Mo ní ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà. Ta ló máa ń di irun rẹ̀? Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó dákẹ́? Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé lásìkò yẹn? Ti ìkẹyìn yìí, mo ní gbogbo wa ni. Ṣé ẹnì kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ nílé wa ni?

Ó di kókó náà mọ́ etí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì dìde. Ó ní, "Àwọn tó ní ẹni tí wọ́n lè rán, wọ́n ti rán an. Èmi ò ní ẹni tí mo lè rán. Èmi fúnra mi ni màá lọ. Ilé yín dà?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ìtìjú bò mí. Mo ṣíwájú, ó tẹ̀ lé mi.

A kò tíì rìn jìnnà tí igbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún wa. Ìrókò ń fa gbòǹgbò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, itàkùn ń ká ara rẹ̀ kúrò, Odò Ẹ̀gàn pàápàá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí iwin náà tó ń pàṣẹ fún àwọn igi, ọmọ rẹ̀ sì jókòó lé e léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo juwọ́ sí ọmọ náà. Ọdẹ tó bá gbọ́ èyí, kó gbọ́ ọ: n kò yìnbọn ní abẹ́ ìrókò mọ́ láti ọjọ́ náà.

A dé ilé. Mosún ti gbẹ débi pé aṣọ tó bò ó kò ga sókè mọ́. Dọ̀káàsì ń kọrin lápá ọ̀tún rẹ̀, Búráímọ̀ ń ka kéwú lápá òsì, oníkálukú ń gbé ohùn sókè kí tẹnìkejì má bàa dé etí ọmọ.

Dọ̀káàsì rí wa. Ó ní, "Baba Mosún, ẹni tí ẹ mú wá nìyí? Ṣé wòlíì ni?"

Búráímọ̀ ní, "Àbí ààfáà ni?"

Èmi-ò-mọ̀ ní, "Agbẹ́kàǹga ni mí. Ẹ kú ìdúró tọmọ. Ẹ bá mi po ẹ̀kọ díẹ̀, kó má ki."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ó sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, yàtọ̀ sí pé kí ọmọ yìí kú, kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Búráímọ̀ fẹ́ bínú. Ó na ìka sí àlejò náà, ó sì tún ká a padà. Ó ní, "Gbogbo ọmọ tí mo bí ni mo ti fi ọwọ́ ara mi sin. Èyí nìkan ló ń pè mí ní Bàbá. Bí ó bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Dọ̀káàsì yíjú sí i. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò gbọ́ kí ọkùnrin náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ó bá kú, ẹ máa ní orin mi ló pa á, ẹ ó sì lé mi kúrò nílé." Èmi, wọ́n kò tíì bi mí tí mo fi sọ tèmi. Mo ní ohun tó mú Mosún kò ní ara tí mo lè yìnbọn lù, mo ní n kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Mo wá sọ àṣà ìlú aláìnílẹ̀kùn fún wọn. N kò mọ bí wọ́n ṣe gbà. Bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Dọ̀káàsì kúnlẹ̀, ó bẹ Jésù kí Ó má jẹ́ kí Bàbá Búráímọ̀ ṣe aláìní ẹni tí yóò máa pè é. Kò kọrin, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Búráímọ̀ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ Ọlọ́run kí Ó tu àbúrò òun nínú. Ó dárúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi bẹ Ògún pé kí ó dúró ti Dọ̀káàsì, kí ẹnikẹ́ni má lé e níbi tó ti sọ di ilé. Gbogbo ìgbà yẹn, Èmi-ò-mọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó ń fi ìka bọ inú ẹ̀kọ, ó ń fi pa ètè Mosún, ó ń nù ún, ó tún ń fi pa á.

A parí. Yàrá náà dákẹ́. Mo gbọ́ tí adìyẹ ń ha ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, n kò gbọ́ irú rẹ̀ nílé wa rí.

Ètè Mosún mì. Ó lá ẹ̀kọ tó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kúrò ní àjà, ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Búráímọ̀. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti jà tán?"

Búráímọ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, igbá ẹ̀kọ ló gbà. Dọ̀káàsì gbé orí ọmọ lé itan, èmi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ náà kò la ẹnu. Ó ń wò wá, ó ń retí ìdáhùn, mo sì mọ̀ pé bí a bá parọ́ fún un, ó ń padà síbi tó ti bọ̀ nìyẹn.

Búráímọ̀ wo ìyàwó mi. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé a ti jà tán?"

Dọ̀káàsì ní, "A ti jà tán, Bàbá."

Mosún la ẹnu, ó gba ẹ̀kọ.

Ẹ dìde, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀, ẹnu ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọjá lójúlé ẹnì kan lọ́nà, tí ẹ gbọ́ tó ń gbàdúrà tí kì í ṣe irú tiyín, ẹ rọra fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Bóyá orúkọ yín ló wà lẹ́nu rẹ̀.